Ṣẹ̀gilọlá àti Àwọn Òǹkàwé Rẹ̀: Ìyípadà Agábra láàrin Ọkùnrin àti Obìnrin nínú Akéde Èkó, 1929 sí 1930

Ní ọdún 1929 ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí Isaac Babalọlá Thomas jẹ́ olóòtú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Àwọn lẹ́tà náà ń jáde wọ ọdún 1930, ọdún náà sì ni wọ́n di ìwé. Àwọn onímọ̀ ti gbà pé Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ wọ́n. Ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ tí Fágúnwà kọ kò jáde títí di ọdún 1938.

Ọ̀rọ̀ agbára ni ìtàn yìí dá lé. Nígbà èwe Ṣẹ̀gilọlá, ẹwà ni ohun ìjà rẹ̀: àwọn ọkùnrin ń náwó lé e lórí, ó sì ń tan ọkọ rẹ̀ jẹ. Nígbà tí ọjọ́ alẹ́ dé, àìsàn àti òṣì sọ ọ́ di ẹni tí ń wá ojú àánú. Ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé dá ni pé òpin ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òǹkàwé ti mọ̀ pé aláìsàn tí ń ronúpìwàdà ni ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, bí ó bá kan fàájì ìgbà ọ̀dọ́, ohùn rẹ̀ a máa dùn ju ti ẹni tí ń kábàámọ̀ lọ.

Àwọn òǹkàwé kò dákẹ́. Wọ́n kọ̀wé sí olóòtú. Àwọn kan káàánú obìnrin náà, àwọn kan rí i bí ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́, a sì rí ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ láti ràn án lọ́wọ́. Owó yìí gba àfiyèsí. Obìnrin tí ó ti fi ẹwà gba owó lọ́wọ́ ọkùnrin tún ń fi omijé gbà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ń fúnni ni agbára wà lọ́tẹ̀ yìí. (Ní ti àwọn ẹgbẹ̀rún ọkọ náà, orúkọ wọn wà ní ìpamọ́, ta ni yóò bá wọn wí?)

Kò tọ́ kí a pe àwọn òǹkàwé wọ̀nyí ní òpè. Lẹ́tà ni Ṣẹ̀gilọlá kọ, lẹ́tà ni àwọn ará ìlú náà ń kọ sí olóòtú, ojú ìwé ìròyìn kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ń jáde sí. Àdúgbò Èkó tí wọ́n ń gbé ni ó ń dárúkọ, orin ìgbà èwe àwọn àgbà wọn ni ó ń kọ. Kí ni wọn ì bá fi mọ̀ pé irọ́ ni?

Nígbà tí àwọn lẹ́tà náà di ìwé, ipò òǹkàwé náà yí padà. Ẹni tí ó rà á lè ka ẹwà, àìsàn àti ẹ̀bẹ̀ Ṣẹ̀gilọlá ní ìjókòó kan. Àyè àtifi owó ránṣẹ́ sí i kí lẹ́tà mìíràn tó dé kò sí mọ́.