Owó Ni Tàbí Ọwọ́? Ìtàn Àwọn Òbí Tó Wá Ran Ilé-Ìwé Lọ́wọ́

Bí a bá ti pàdé báyìí, ìtàn ara wa la máa ń sọ: ta ló jẹ pàṣán jù, ta ló máa ń fo fẹ́ǹsì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn àwọn tí a kì í dárúkọ: àwọn bàbá àti ìyá wa tó wá ran ilé-ìwé lọ́wọ́, tí wọ́n sì fi ìbínú padà sílé.

Àwọn ìjọ ló kọ́kọ́ dá ilé-ìwé girama sílẹ̀ nílẹ̀ wa. Ti CMS ní Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1859, ti Abẹ́òkúta ní 1908. Ní àwọn ìlú kéékèèké, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ń po amọ̀, tí wọ́n ń gé igi, kí ọmọ wọn lè ríbi jókòó kàwé. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lọ kọ lẹ́tà kí wọ́n tó gbé igi wá.

Ní 1952, Olóyè Stephen Awókòyà, mínísítà ètò-ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Kí owó lè wà, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bu owó-orí tuntun lé àwọn èèyàn. Ariwo ta! Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, NCNC na Action Group nílé ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé owó-orí yẹn wà lára ohun tó fà á. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tó nǹkan bí 457,000 ní 1954 di ohun tó lé ní 811,000. Àṣé àwọn òbí tó ń pariwo owó-orí kò kọ̀wé sílẹ̀ fọ́mọ wọn!

Ìgbà tiwa wá dé. Ní oṣù kẹwàá 1979, àwọn ìpínlẹ̀ tí UPN ń ṣàkóso sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì kìíní, ẹ ò rántí? Mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin la fún mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì kan, àwọn míì sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Káfíńtà ni bàbá mi. Ó gbé òòlù àti ayùn wá láàárọ̀ ọjọ́ kan pé òun fẹ́ tún bẹ́ǹṣì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fi í jókòó títí di ọ̀sán, akọ̀wé wá ní kó lọ kọ lẹ́tà. Ó bẹ ẹnì kan kọ ọ́. Èsì kò dé. Ohun tó dé ni ìwé pé kí òbí kọ̀ọ̀kan dá owó bẹ́ǹṣì. Agbaṣẹ́ṣe kan kó bẹ́ǹṣì wá, sáà kan kò parí tí ẹsẹ̀ wọn fi yẹ̀. Bàbá mi ní: "Owó mi ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ ọwọ́ mi." Kò tún yọjú síbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní ìparí 1983, tí SAP sì dé ní 1986, owó ìjọba kò ká ilé-ìwé mọ́. PTA ló di ìkòkò tí gbogbo èèyàn ń bù nínú rẹ̀. Èmi náà di akápò PTA ní ilé-ìwé ọmọ mi. Àwa méje péré là ń wá sípàdé, àwọn tí kò wá ló sì ń sọ pé a ti jẹ owó. Mo jẹ ẹ̀gbin, kí n má parọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ̀yin náà lẹ́jọ́ tiyín. Òbí tó fi fáànù kan tọrẹ, tó ní dandan ni kí ọmọ òun ṣe sìníọ̀ pírífẹ́ẹ̀tì, ẹ rí i rí. Èyí tó wá gbá olùkọ́ létí nítorí pé wọ́n na ọmọ rẹ̀, ẹ rí i rí. Ta ni kò ní ṣọ́ra?

Ohun tí mo fẹ́ kí a gbà nìyí. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ tún kíláàsì ṣe lọ́dún yìí. Kí a tó pe agbaṣẹ́ṣe, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn òbí tó lọ́mọ níbẹ̀ lónìí. Kí a kọ́kọ́ bi wọ́n pé, "Kí ni ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n ṣe?" Kí a sì máa lẹ ìṣirò owó mọ́ ògiri, kí gbogbo èèyàn rí i. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà; àwọn àgbà kò sọ pé àgbájọ owó.

Òòlù bàbá mi ṣì wà nílé. Mò ń gbé e bọ̀. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.