Fóònù Aláwòrán Tí Kò Rẹ́ni Bá Sọ̀rọ̀

Tẹlifóònù kò tíì pé ọdún mẹ́ta láyé tí àwọn èèyàn ti ń retí èyí tí yóò máa fi ojú hàn. Ọdún 1876 ni Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí 1878 yóò fi parí, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ George du Maurier ti ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan fún Punch, ìwé ìròyìn apanilẹ́rìn-ín ìlú London. Bàbá àti ìyá kan jókòó nílé wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń wo ọmọ wọn obìnrin lára ògiri, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, ni ọmọ náà wà. Láti ìgbà náà, kò sí ìran tí wọn kò sọ fún pé ẹ̀rọ yìí ti dé tán. Ó sì dé lóòótọ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan: ó dé ní 1936, ó dé ní 1964, ó dé ní 1970, ó tún dé ní 1992, gbogbo ìgbà tó dé náà ló pa dà. Àwọn olólùfẹ́ ohun èlò tuntun máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn ilé iṣẹ́ kan tó fi owó ńlá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà dára, àwọn tó ṣe é gbọ́n, àwọn èèyàn sì fẹ́ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó yẹ kó wà ní ìkángun kejì wáyà ni kò sí níbẹ̀.

Àwíjàre tó rọrùn jù ni pé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni kò tíì jinná. Ó ti jinná tipẹ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1927, Herbert Hoover, tó ń ṣe àkóso ètò ìṣòwò nínú ìjọba Amẹ́ríkà kó tó di ààrẹ, jókòó ní Washington, àwọn tó péjọ ní New York sì ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwòrán náà kéré, ìlà 50 péré ni wọ́n fi yà á, apá kan ló sì ti ń wá, nítorí òun kò rí wọn. Ní 1930, Bell Labs, ilé ìwádìí àwọn oní-tẹlifóònù, mú kí tọ̀tún-tòsì máa rí ara wọn láàárín ilé méjì ní New York. Ilẹ̀ Jámánì ló wá gbé e fún aráàlú. Ní oṣù Kẹta 1936, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba wọn ṣí yàrá ìpè aláwòrán ní Berlin àti Leipzig, ìlú méjì tó tó nǹkan bí 160 kìlómítà síra, wọ́n sì fa wáyà náà dé Nuremberg àti Munich nígbà tó yá. Ẹni tó bá fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Leipzig gbọ́dọ̀ dá àkókò ṣáájú, kí ẹ̀gbọ́n náà lè múra, kó sì jáde nílé lọ jókòó sí yàrá ti ọ̀dọ̀ tiwọn. Ìkángun kejì ti di ìṣòro láti ibẹ̀. Ogun ló gbé iṣẹ́ náà lọ ní 1940.

Ti AT&T ló lókìkí jù. Ilé iṣẹ́ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá tẹlifóònù Amẹ́ríkà ní nígbà náà, Bell Labs rẹ̀ kan náà sì ni wọ́n ti ṣe transistor ní 1947, ohun bíńtín tí rédíò àpò àti kọ̀ǹpútà òde òní dúró lé. A kò lè pe irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní òpè. Níbi ìpàtẹ àgbáyé New York ní 1964, wọ́n gbé Picturephone síta, àwọn èrò ìpàtẹ sì ń bá àlejò tí wọn kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ ní Disneyland, ní California lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún náà, Lady Bird Johnson, aya ààrẹ, pe ìpè láti Washington láti fi ṣí yàrá tí wọ́n ń sanwó lò ní New York, Washington àti Chicago. Ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín New York àti Washington jẹ́ dọ́là 16. Lóṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, gbogbo ìpè tó wọlé kò tó 100. Nínú sinimá 2001: A Space Odyssey, tó jáde ní 1968, bàbá kan fi irú ẹ̀rọ yìí pe ọmọ rẹ̀ láti ojú sánmà, owó tó sì jáde lójú ẹ̀rọ náà jẹ́ dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 70. Nípa iye tí èèyàn lè fi tayọ̀tayọ̀ san láti rí ojú ọmọ rẹ̀, àwọn onísinimá mọ ìṣírò rẹ̀ ju àwọn oníṣòwò lọ.

Ní ìparí oṣù Kẹfà 1970 ni wọ́n gbé e wọ ọ́fíìsì ní Pittsburgh. Olórí ìlú náà, Peter Flaherty, ló pe ìpè àkọ́kọ́, ó pe John Harper, alága ilé iṣẹ́ Alcoa. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára ẹ̀rọ yẹn ṣì ń wú àwọn tó fẹ́ràn ọnà lórí títí dòní: sikirínì tó fẹ̀ tó ínǹṣì márùn-ún ààbọ̀, kámẹ́rà tó lè kọjú sí èèyàn tàbí kó wo ìwé tó wà lórí tábìlì, bọ́tìnnì tí èèyàn fi ń wo ara rẹ̀, òmíràn tó ń fi ojú pa mọ́ tí ohùn sì ń lọ. Ohun tí olùrà kò rí ni bí àwòrán náà ṣe ń jẹ ọ̀nà. Nínú ìlú, wáyà oníméjì-méjì mẹ́ta ni ẹ̀rọ kan ń lò níbi tí tẹlifóònù lásán ti ń lo ẹyọ kan. Bí ìpè bá fẹ́ kọjá sí ìlú mìíràn, àyè tó lè gba ohùn èèyàn 96 ni àwòrán ẹyọ ẹni kan máa gbà. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi di dọ́là 160 lóṣù, tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wà nínú rẹ̀, tí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá lé sì jẹ́ sẹ́ǹtì 25. Ẹ̀rọ 38 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nínú ilé iṣẹ́ mẹ́jọ. Wọ́n gbé e dé Chicago, wọ́n dín owó kù sí dọ́là 75, síbẹ̀ ní 1973, nígbà tó pọ̀ jù lọ, kò dé 500. Tẹlifóònù lásán ní Amẹ́ríkà sì ti ju 100 mílíọ̀nù lọ nígbà yẹn.  

Ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ jù nípa ìdí tó fi kú ni pé ìtìjú pa á. Wọ́n ní ta ló fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú irun tí kò yà àti aṣọ ìwọ̀sùn? Eré àwòrán The Jetsons ti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ láti 1962: ìyàwó ilé kan ń gbé ìbòjú tó rẹwà wọ̀ kó tó dáhùn fóònù láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, àmọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rọ Pittsburgh ní bọ́tìnnì tó ń fi ojú pa mọ́. Orí tábìlì ọ́fíìsì ló wà, níbi tí gbogbo èèyàn ti wọṣọ tán. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ojú èèyàn kò yí pa dà láàárín 1970 sí òní, ìtìjú kò sì dín kù lára ọmọ ènìyàn, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń dáhùn ìpè fídíò lórí ibùsùn, nínú ọkọ̀ èrò àti nídìí iná ọbẹ̀. Ohun tí kò yí pa dà kò lè jẹ́ ìdí ohun tó yí pa dà.

Èyí tó lágbára jù ni ti A. Michael Noll, tó ti ṣiṣẹ́ ní Bell Labs fúnra rẹ̀, tó sì pa dà wo ọ̀rọ̀ náà nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1992. Lójú tirẹ̀, owó kọ́ ni olórí ìṣòro, àwọn èèyàn kò rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi àwòrán ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti wọn ìfẹ́ àwọn èèyàn yẹn kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ẹni tó san dọ́là 160 ní Pittsburgh ra àǹfààní láti rí ojú èèyàn 37, àwọn kan nínú wọn sì wà nínú ilé iṣẹ́ tirẹ̀, tó lè fẹsẹ̀ rìn lọ bá. Ìyàwó rẹ̀ kò sí nínú wọn, ìyá rẹ̀ kò sí nínú wọn. Láàárín ẹ̀rọ 38, ìpàdé ẹni méjì tó lè wáyé jẹ́ 703. Bí ẹ̀rọ bá di 380, ìpàdé náà á di 72,010. Ẹ̀rọ fi ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀, ìwúlò rẹ̀ fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún pọ̀. Láti orí 38 wá sọ pé aráyé kò fẹ́ rí ojú ara wọn dà bí ìgbà tí èèyàn pàtẹ ata lójú ọ̀nà oko lóru, tó sì wá ń sọ pé àwọn ará ìlú kì í jẹ ata.

A sì mọ àwọn tó fẹ́ ẹ. Ní 1964 yìí kan náà, Robert Weitbrecht, onímọ̀ físíìsì tó jẹ́ adití, wá ọ̀nà láti so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ́lẹ́táìpù mọ́ tẹlifóònù, kí àwọn adití lè máa tẹ ọ̀rọ̀ síra wọn. Àwọn adití ní èdè tiwọn, ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Fún wọn, àwòrán gan-an ni ohùn. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni AT&T ń polówó fún, àwọn tó ní akọ̀wé tó ń bá wọn gbé tẹlifóònù. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì tó yára wọ ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn adití Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ìpè fídíò di iṣẹ́ ojoojúmọ́, pẹ̀lú ògbufọ̀ tó jókòó sáàárín àwọn àti ẹni tó ń gbọ́ràn.

Ẹlòmíràn lè sọ pé owó gọbọi ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1992 dá a lóhùn. AT&T tún gbé VideoPhone 2500 jáde, èyí tó ń gba orí wáyà tẹlifóònù lásán, tí kò ní owó oṣù àrà ọ̀tọ̀ kankan. Ẹ̀rọ kan jẹ́ nǹkan bí dọ́là 1,500, ṣùgbọ́n owó tó ń pa oníbàárà ni 3,000, nítorí ẹni tó ra ẹyọ kan kò rí nǹkan kan wò. Àwòrán rẹ̀ tún ń fà bí ìgbín, nítorí ọ̀nà ohùn ni wọ́n fún un. Nígbà tó di 1995, wọ́n ti kó o kúrò lórí àtẹ. Ní oṣù Kẹta 2003, ilé iṣẹ́ fóònù alágbèéká tó ń jẹ́ 3 ṣí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpè fídíò sì ni ó ń fi ṣe fáàrí. Ẹni tó ra fóònù náà kò lè fi ojú pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì mìíràn, ìpè ohùn lásán tó dínwó ni àwọn oníbàárà sì tìtorí rẹ̀ wá.

Ibi tí ọ̀nà ti wá là jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ní 1974, Nasir Ahmed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìṣirò kan jáde tí wọ́n fi ń fún àwòrán pọ̀ kó lè gba ojú ọ̀nà tóóró. Orí rẹ̀ ni fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì dúró títí dòní. Ní 1969, Willard Boyle àti George Smith ní Bell Labs ṣe ohun èlò tó sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná láti fi ya àwòrán, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2009. Ní Cambridge ní 1991, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kọjú kámẹ́rà sí ìkòkò kọfí kan kí wọ́n má bàa rìn dé ibẹ̀ lásán nígbà tí kọfí bá ti tán. Àwọn èèyàn ra kọ̀ǹpútà nítorí iṣẹ́, wọ́n ra fóònù nítorí ohùn, wọ́n ra kámẹ́rà orí fóònù nítorí fọ́tò. Nígbà tí Skype fi fídíò kún ohùn ní nǹkan bí 2006, tí WhatsApp ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016, gbogbo ìkángun kejì ti wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó rà á fún ìpè fídíò. Nàìjíríà jẹ́rìí sí i gidigidi. Kí GSM tó dé ní 2001, wáyà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ kò ju nǹkan bí 400,000 lọ ní orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ ju 100 mílíọ̀nù lọ. Wọn kò gbé Picturephone débẹ̀ rí, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: ìyá àgbà tó wà ní Ìbàdàn ń wo ìkómọjáde ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Houston lórí fóònù tí wọ́n rà fún un kó lè máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kù tí èyí lè sọ fún wa, nígbà tí ẹ̀rọ ti borí? Ó kù èyí tí wọ́n ń tà lọ́wọ́. Ní 2021, Google fi Project Starline hàn, àgọ́ ìpè kan tó ń mú kí ẹni tó wà níwájú rẹ dà bí ẹni tó jókòó sí òdìkejì tábìlì, pẹ̀lú jíjìn àti ìtẹ́júmọ́, láìsí awò lójú. Ní 2025, ilé iṣẹ́ HP gbé e jáde fún títà ní dọ́là 24,999. Àwọn tó ti jókòó sí i ń yìn ín, mo sì gbà pé ìyìn náà tọ́ sí i. Ọ́fíìsì ni wọ́n ń tà á fún, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ní ẹ̀ka ní ìlú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ rà kí ojú kan tó rí èkejì bẹ́ẹ̀.