Àtúnṣe Ilé Amọ̀: Ẹ̀kọ́ láti Pissy ní Ouagadougou

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàrin ọmọ ìyá ni a sábà máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí pé láti inú ọ̀rọ̀ ilé gan-an ni a ti mú un. Ẹni tí ó bá gbé inú ilé amọ̀ rí mọ̀ pé ògiri kì í dá wà. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ, tí ń dí ẹnu rẹ̀ ní ọdọọdún kí òjò tó dé. Nínú àròkọ yìí, a óò wo ìtàn irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ouagadougou, olú-ìlú Bùrkínà Fasò, àti ní pàtàkì ní àdúgbò rẹ̀ kan tí a ń pè ní Pissy, kí a lè mọ ohun tí ń sọ ilé àtijọ́ di àlàpà, àti ohun tí onílé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí ilé rẹ̀ má baà rí bẹ́ẹ̀.

Ìlú àwọn Mọ́sí ni Ouagadougou, níbẹ̀ sì ni Mogho Naba, ọba wọn, ti ń jókòó. Ní ayé àtijọ́, agbo ilé wọn a máa ní yàrá róbótó púpọ̀, tí a fi amọ̀ mọ, tí a fi koríko bo orí wọn, tí ògiri amọ̀ sì yí gbogbo wọn ká. Ní ọdún 1896 ni àwọn ọmọ-ogun Faransé gba ìlú náà. Nígbà tí wọ́n dá ilẹ̀ Haute-Volta sílẹ̀ ní ọdún 1919, wọ́n yan Hesling ní gómìnà àkọ́kọ́. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba rẹ̀, sìmẹ́ńtì sì ṣọ̀wọ́n, nítorí pé ọ̀nà láti etí òkun jìn gidigidi. Nítorí náà, amọ̀ ilẹ̀ náà, èyí tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń pè ní banco, ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba. Àwọn aláwàdà sì sọ ìlú náà ní Bancoville, èyíinì ni ìlú alámọ̀.

Orúkọ ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àkókò ti dá àwọn tí ń fi amọ̀ ṣe ẹlẹ́yà lóhùn. Láàrin ọdún 1934 sí 1936, nígbà tí Thévenoud jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àwọn ìjọ Àgùdà níbẹ̀, wọ́n kọ́ kàtídírà ńlá kan sí àárín ìlú. Bíríkì amọ̀ ni wọ́n fi mọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ògiri rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, kàtídírà náà sì dúró. Bí ó bá ṣe pé amọ̀ nìkan ni ó ń wó ilé ni, ibo ni èyí ìbá wà lónìí? Ilé tí a kò bá bojútó ni ó ń wó.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn àgbà ti ń bojútó ilé. Ní gúúsù Bùrkínà Fasò, lẹ́bàá ààlà ilẹ̀ Gánà, àwọn ẹ̀yà Kassena wà ní ìlú Tiébélé. Àwọn ọkùnrin ni ó ń mọ ògiri, àwọn obìnrin ni ó sì ń rẹ́ ẹ, tí wọ́n ń kùn ún. Nígbà ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń ṣe é, lẹ́yìn ìkórè. Wọn a pa ògiri láró pupa, dúdú àti funfun, wọn a fi òkúta dán an títí yóò fi máa kọ mọ̀nà, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá se èèpo èso igi irú, wọn yóò sì fi omi rẹ̀ ra ògiri náà kí òjò má baà tètè jẹ ẹ́. Igi irú yìí kan náà ni àwa ń fún ní ọlá nítorí ọbẹ̀ wa. Ní ọdún 2024 ni àjọ UNESCO fi ààfin Tiébélé sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n bọlá fún níbẹ̀ kọjá ògiri lásán, nítorí pé láìsí àwọn ọwọ́ tí ń tún un ṣe ní ọdọọdún, ògiri náà kì bá tí sí.

Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé. Ní Ọ̀yọ́, ní ìgbà tí koríko ni a fi ń bo ilé, àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin a máa ru koríko bẹẹrẹ wá fún àtúnṣe òrùlé ààfin, ìdí nìyí tí a fi ń pe ọdún náà ní ọdún Bẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá ru koríko wá ti fi ìtẹríba rẹ̀ hàn, ààfin ọba kò sì jò. Ní ti àwọn mẹ̀kúnnù, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Bí ilé ẹnìkan bá fẹ́ àtúnṣe, àna rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò péjọ, àwọn kan yóò pọn omi, àwọn kan yóò po amọ̀, onílé yóò sì pèsè oúnjẹ.

Ní ọdún 1954, ọkọ̀ ojú irin láti Abidjan dé Ouagadougou, ó sì rọrùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ láti kó sìmẹ́ńtì àti páànù wọ ìlú. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí gbòòrò. Ní ọdún 1984, nígbà ìjọba Thomas Sankara, wọ́n ṣe òfin tí ó sọ gbogbo ilẹ̀ di ti ìjọba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí pín ilẹ̀ káàkiri ìgbèríko ìlú. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó rí ilẹ̀ gbà kò ní owó agbaṣẹ́ṣe. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ́ ilé, yàrá kan lónìí, yàrá kejì ní ọdún tí ń bọ̀. Páànù gba ipò koríko. Ẹni tí owó rẹ̀ gbé e bẹ̀rẹ̀ sí lo kọnkéré, kọnkéré kò sì ṣeé ṣe láìsí òkúta wẹ́wẹ́.

Níbí ni ọ̀rọ̀ Pissy ti wọlé. Ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ìlú ni àdúgbò náà wà, kòtò ńlá kan sì wà láàrin rẹ̀ tí a ti ń wa òkúta akọ. Kò sí ẹ̀rọ ńlá níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin a máa sun táyà ògbólógbòó lórí àpáta kí ooru lè là á. Wọn a fi irin àti òòlù ya á. Àwọn obìnrin a sì rù ú gòkè lórí, wọn a jókòó sínú oòrùn láti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Èéfín táyà a máa ba ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, owó tí ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́ sì kéré jọjọ. Òkúta tí ọwọ́ wọn fọ́ ni a fi ń kọ́ ilé olówó. Ó yẹ kí ẹni tí ń yin kọnkéré, tí ń bú amọ̀, rántí ẹni tí ó san iye rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, òjò ńlá rọ̀ ní Ouagadougou. Ìwọ̀n omi tí ó rọ̀ láàrin wákàtí díẹ̀ tó 263 mílímítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta òjò ọdún kan gbáko ní ìlú náà. Nǹkan bí 150,000 ènìyàn ni ó pàdánù ibùgbé wọn, àwọn kan sì kú. Ilé amọ̀ ni ó wó jù. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti parí èrò sí pé ikú ni amọ̀. Ìdájọ́ náà yá jù. Ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyẹn ni wọ́n kọ́ sí àfonífojì, lójú ọ̀nà omi, nítorí pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti wà fún tálákà. Àwọn mìíràn kò ní òkúta ní ìpìlẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o; ilé tí a fi amọ̀ mọ sí ojú odò, omi ni yóò wó o.

Kí ni ẹni tí ó jogún ilé amọ̀ yóò wá ṣe? Òrùlé ni kí ó kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí pé òfo ni kí a rẹ́ ògiri lábẹ́ òrùlé tí ń jò. Kí etí òrùlé yọ jáde dáadáa, kí omi má baà máa ṣàn sára ògiri. Lẹ́yìn èyí, kí ó lọ sí ìdí ògiri, kí ó la ojú omi kúrò níbẹ̀, kí ó sì fi òkúta tẹ́ ẹ, nítorí pé omi tí ń ta láti ilẹ̀ ni ó ń jẹ ìdí ògiri. Nígbà náà ni ó kan ara ògiri. Amọ̀ ni kí ó fi dí ibi tí ó là, kí ó po koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, kí ó sì jẹ́ kí ó fi ọjọ́ bíi mélòó kan dà pọ̀ kí ó tó lò ó.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀. Ó máa ń dára lójú ní ọdún kìíní. Ṣùgbọ́n amọ̀ a máa wú bí ó bá tutù, a sì máa sún kì bí ó bá gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni sìmẹ́ńtì kì í bá a ṣe é. Yóò là; omi yóò gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Amọ̀ yóò máa rọ̀ nínú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, títí ògiri yóò fi ya lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Aṣọ tí kò bá ara mu ni sìmẹ́ńtì jẹ́ fún amọ̀.

Èyí kò wí pé kí a kọ ọgbọ́n tuntun. Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Bùrkínà Fasò, kọ́ ẹ̀kọ́ ilé yíyàwòrán ní Jámánì. Nígbà tí ó fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún abúlé rẹ̀, èyí tí ó parí ní ọdún 2001, amọ̀ ni ó lò. Ó fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ po amọ̀ náà kí ó tó yọ ọ́ ní bíríkì, ó gbé òrùlé páànù ga kúrò lórí ilé kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá, àwọn ará abúlé tọkùnrin tobìnrin sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Ní ọdún 2022, wọ́n fi ẹ̀bùn Pritzker dá a lọ́lá, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ọ̀wẹ̀ àwọn baba wa ni ó fi ìwé kún.

Ẹ̀yin olùkọ́, ní ìlú púpọ̀ nínú àwọn ìlú wa ni ilé àwọn baba ńlá wa ti ń di àwókù, tí àwọn ajogún ń retí ọjọ́ tí owó yóò tó láti wó o, kí wọ́n lè fi bíríkì sìmẹ́ńtì kọ́ òmíràn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti mọ bí a ti ń po amọ̀, bí a ti ń rẹ́ ògiri, àti ìdí tí a fi ń ṣe é kí òjò tó dé. Bí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà bá kú tán láìfi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ogún tí ilé nìkan kò lè dípò rẹ̀ ni a pàdánù.