Ilé Oògùn àti Ìtọ́jú Éèdì ní Ìgbèríko Ìbàdàn

Ní ìgbèríko tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé títí dé Ìyànà-Ọ̀fà ní Lágelú, Ẹgbẹ́dá, àti Àkànrán ní Ọ̀nà-Arà, ilé oògùn ni aláìsàn máa ń kọ́kọ́ yà sí kí ọ̀rọ̀ ọsibítù tó wáyé. Ilé ìwòsàn ńlá tí tọmọdé tàgbà ń pè ní UCH ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1957, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ibà ń ṣe ní Ejíòkú ní láti pa oko tì lódidi ọjọ́ kan, kí ó wá owó ọkọ̀, kí ó sì tò sórí ìlà, kí ó tó fojú kan dókítà níbẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé oníkẹ́mísì ń bẹ nítòsí ọjà, tó mọ orúkọ rẹ̀, tó sì lè ta oògùn fún un láwìn. Síbẹ̀, nígbà tí àrùn éèdì dé, ilé oògùn yìí gan-an ni àwọn tó ṣètò ìtọ́jú rẹ̀ gbójú fò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Oríṣi ènìyàn méjì ni aráàlú ń pè ní oníkẹ́mísì, òfin sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Apòògùn òyìnbó ni ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nípa oògùn, irú ẹ̀kọ́ tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òun ni ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ta oògùn tí dókítà kọ. Ẹnì kejì ni olóògùn aláṣẹ, ẹni tó gba ìwé àṣẹ láti ta kìkì oògùn tí kò ní ewu púpọ̀, nínú páálí tí wọ́n fi ṣe é wá, tí kò sì gbọdọ̀ gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ oògùn, èyí tí òfin ọdún 1992 gbé ró tí òfin ọdún 2022 sì tún ṣe, ló ń mójú tó àwọn méjèèjì. Àwọn ìlú ńlá ni apòògùn sábà máa ń wà, olóògùn aláṣẹ ló ń wọ abúlé, ìyàtọ̀ yìí ló sì fa ohun púpọ̀ nínú ìtàn yìí.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ éèdì, ilé oògùn ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí àtọ̀sí mú ti ń ra kápúsù, nítorí pé níbẹ̀ ni wọ́n ti lè sọ̀rọ̀ ìtìjú ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fún olóògùn aláṣẹ láyè láti ta irú kápúsù bẹ́ẹ̀. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn kan fojú sí agbára tó wà nínú irú ìfọkàntán yìí: ní Ìgbó-Ọrà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, William Brieger àti Oshiname ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìlera fún àwọn olóògùn, wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1992. Ó dunni pé ìlànà éèdì tó tẹ̀lé e kò gba ọ̀nà yẹn.

Ọdún 1986 ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bá HIV, kòkòrò apa sójà ara tó ń fa éèdì, lára rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́ títí di oṣù kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí Olíkóyè Ransome-Kuti, mínísítà ìlera tẹ́lẹ̀ rí, sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé éèdì ló pa Fẹlá olórin, àbúrò òun. Ní ọdún 2002, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn tí wọ́n rà láti Íńdíà fún àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000, ní ibùdó 25 péré, ní 1,000 náírà lóṣù. Ọdún 2006 ló di ọ̀fẹ́. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi kó o sí ọsibítù ńlá, nítorí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ oògùn, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé ìlòkulò oògùn lè mú kí kòkòrò náà borí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti Lálúpọn lọ gba oògùn kì í ru ìnáwó ọkọ̀ nìkan. Ó ní láti wá irọ́ tí yóò pa fún ará ilé nípa ibi tó ń lọ, bí ó bá sì délé, ó lè tú hóró oògùn kúrò nínú ìgò rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ìró rẹ̀ má baà tú u fó. Nígbà tí Nàìjíríà gba ìlànà ọdún 2016, pé kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní kòkòrò náà ní oògùn lójú ẹsẹ̀, èrò pọ̀ sí i ní ọsibítù, ìgbà yẹn sì ni wọ́n gbìyànjú ní Àbújá láti jẹ́ kí àwọn tí ara wọn ti le máa gba oògùn lọ́wọ́ apòògùn àdúgbò. Ètò náà tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Àǹfààní rẹ̀ hàn kedere: ẹni tó wọ ilé oògùn lè jẹ́ ẹni tí orí ń fọ́, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ní abúlé tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, ìfọkàntán kan náà lè di ìbẹ̀rù, nítorí pé olóògùn náà lè jẹ́ mọ̀lẹ́bí.

Àyẹ̀wò HIV tí ènìyàn lè dá ṣe ló dín ìbẹ̀rù yìí kù díẹ̀. Ènìyàn yóò fi ohun pẹlẹbẹ kan nu èrìgì rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, yóò tì í bọ inú ìgò omi kékeré tó bá a wá, yóò sì dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Bí ìlà méjì bá yọ, ó yẹ kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kó lè dájú. Kò nílò dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò kí olóògùn mọ èsì rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ tó ń fún ilẹ̀ òkèèrè, títí kan ti ìtọ́jú éèdì, dúró lójijì, ìjọba Nàìjíríà sì fọwọ́ sí nǹkan bí bílíọ̀nù 4.8 náírà láti fi ra oògùn éèdì. Bí oògùn náà bá dé Ìbàdàn, ará Mọ́níyà lè rí apòògùn nítòsí. Fún ará abúlé tó wà lẹ́yìn Ejíòkú, olóògùn aláṣẹ nìkan ló kù, ìwé àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tíì fún un láyè láti fi oògùn yìí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.