Brigadeiro: Ṣokoléètì Tí Kò Nílò Ààrò, àti Kòkó Màmá Àgbà

Kérésì ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní ààrò tí a fi ń yan kéèkì nílé. Èmi náà kò ní. Ìtàn tòní dá lórí ṣokoléètì róbótó kan tí kò nílò ààrò rárá. Brigadeiro ni àwọn ará Brazil ń pè é, ó sì ṣòro kí ẹ rí ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọmọdé níbẹ̀ tí kò ní sí lórí tábìlì.

Orúkọ oyè ológun ni brigadeiro ní èdè Potogí. Ẹni tó ni oyè náà ni Eduardo Gomes, ọ̀gá ológun òfurufú tó díje fún ipò ààrẹ Brazil ní 1945. Láti 1932 ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ti lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ po mílíìkì inú agolo mọ́ kòkó àti bọ́tà, wọ́n yí i róbótó, wọ́n sì ń tà á níbi ìpolongo ìbò kí wọ́n lè kówó jọ fún un. Nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù Kejìlá, Gomes fìdí rẹmi. Eurico Gaspar Dutra ló wọlé. Ìbò ti lọ tipẹ́, orúkọ ṣì wà lẹ́nu àwọn ọmọdé.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Agolo mílíìkì kan tó ki, tó sì ti ní ṣúgà nínú, kì í ṣe èyí tó ṣàn bí omi o. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta ìyẹ̀fun kòkó tí kò ní ṣúgà, àti ṣíbí bọ́tà kan. Ẹ pò ó nínú ìkòkò títí tí kò fi ní kókó mọ́, kí ẹ tó gbé e kaná. Kí iná má pọ̀, kí ẹ sì máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Ẹ má yọ fóònù! Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí n fèsì lórí WhatsApp, kí n tó gbójú sókè, ìdí ìkòkò ti jó. Tó bá tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi ṣíbí la àárín rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìdí ìkòkò kó tó padà pàdé, ó ti jinná. Ẹ dà á sínú àwo, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Ẹ fi bọ́tà pa ọwọ́, ẹ yí i bíi puff-puff kékeré, kí ẹ wá yí i nínú ìyẹ̀fun kòkó tàbí àgbọn tí ẹ ti rin.

Ṣùgbọ́n kòkó inú ìkòkò yẹn gan-an ló ní ìtàn. Láti Brazil kan náà ni wọ́n ti gbé e kọjá òkun dé erékùṣù Príncipe ní 1822, ó sì tàn dé São Tomé àti Fernando Po, tí à ń pè ní Bioko lónìí. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1880, J.P.L. Davies, oníṣòwò Èkó tí òwò rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, ti ń gbìn ín ní Ìjàn lẹ́bàá Agége. Àwọn alágbàṣe tó ṣiṣẹ́ lóko Agége gbé e padà sílùú wọn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ inú igbó wa.

Owó kòkó wà lára ohun tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 dúró ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ilé Kòkó tí ẹ ń rí ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, 1965 ni wọ́n parí rẹ̀. Ta ló sanwó rẹ̀? Àjọ ìjọba ló ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, iye tó ń san fún wọn sì kéré sí iye tó ń tà á lókè òkun. Nígbà tí owó orí tún ń ni wọ́n lára, àwọn àgbẹ̀ dìde ní 1968. Àwọn la mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà.

Oko kòkó ni màmá ìyá mi fi tọ́ ọmọ márùn-ún lẹ́bàá Oǹdó. Lọ́jọ́ Kérésì tó kọjá, mo gbé brigadeiro ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tí kò jó, lọ fún wọn. Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní nígbà táwọn wà lọ́mọdé, nǹkan funfun tó wà lára kóró kòkó làwọn máa ń lá. Kóró gan-an, ọkọ̀ ló ń kó o lọ. Wọ́n wá bi mí pé, “Ọmọ mi, ta ló ti ń jẹ eléyìí látọjọ́ yìí?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo kàn gbé àwo náà sún mọ́ wọn.

Tí ẹ bá ṣe tiyín, tí ẹ sì ní àgbà kan nílé tó ti gbin kòkó rí, ẹ kọ́kọ́ fún wọn jẹ kí ẹ tó yà á ní fọ́tò. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ béèrè ìtàn oko náà lọ́wọ́ wọn.