Oúnjẹ Ajá àti Ìwòsàn Ọmọ Ènìyàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ka oúnjẹ ajá sí ohun tí ó yẹ kí a jókòó rò. Bí ará ilé bá jẹun tán, ohun tí ó bá ṣẹ́ kù ní ìsàlẹ̀ ìkòkò ni ti ajá. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn wò fínnífínní, a ó rí i pé inú àwo ajá ni àwọn onímọ̀ ti rí ìwòsàn fún àrùn méjì tí ó ti fi ojú ọmọ ènìyàn rí màbo.

Láti inú ìran ìkookò ni ajá ti ṣẹ̀ wá, ẹran sì ni ìkookò ń jẹ. Nígbà tí ajá wá di ará ilé, ohun tí ènìyàn ń jẹ ni òun náà ń jẹ. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Sweden fi hàn pé àbùdá ara ajá ti yí padà, tí ó fi lè lo oúnjẹ bí ọkà ju bí ìkookò ti lè lò ó lọ. Ìdí nìyí tí ajá ilẹ̀ Yorùbá fi lè jẹ ẹ̀kọ àti àmàlà, kí ó sì tún bá ọdẹ wọ ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n ajá ọdẹ kì í jẹ ẹ̀kọ nìkan. Bí ọwọ́ ọdẹ bá ba ẹran, ajá náà ń rí ìpín tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, oúnjẹ ajá di ọjà títà. Ní nǹkan bí ọdún 1860, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ James Spratt bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bisikíìtì ajá tà ní ìlú London. Ìyẹ̀fun àlìkámà, ewébẹ̀ àti ẹran ni ó pò pọ̀. Àwọn ènìyàn rà á gidigidi, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ó mọ ohun náà gan-an tí ń bẹ nínú oúnjẹ tí ń gbé ẹ̀mí ró.

Dókítà Edward Mellanby wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọdé ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni egungun wọn rọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn sì tẹ̀ bí ọrun. Mellanby ń fún àwọn ọmọ ajá ní oúnjẹ tí kò pé, kò sì jẹ́ kí wọn máa jáde sí oòrùn. Ẹsẹ̀ tiwọn náà tẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fún ní òróró ẹ̀dọ̀ ẹja bọ́ nínú àrùn náà. Ọdún 1919 ni ó kéde èyí fún gbogbo ayé.

Ìtàn àgbàdo ni ó wá ga jù. Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní pellagra ń pa àwọn tálákà. Awọ ara wọn a máa bó, inú wọn a máa ṣu, orí wọn a dàrú, ikú a sì tẹ̀lé e. Àwọn dókítà púpọ̀ gbà pé kòkòrò ni ó ń fà á. Ní ọdún 1914, ìjọba rán Dókítà Joseph Goldberger láti wádìí rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tí àrùn náà ń mú kò jẹ ju ìyẹ̀fun àgbàdo, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti omi ìrèké lọ. Ní àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí ní ìlú Jackson, ó fi wàrà, ẹyin, ẹran àti ẹ̀wà kún oúnjẹ àwọn ọmọ, àrùn náà sì kásẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nínú ẹran tí kò sí nínú àgbàdo? Ajá ni ó dáhùn. Àwọn ajá agbègbè kan náà a máa ní àrùn kan tí ń sọ ahọ́n wọn di dúdú, tí wọn kò ní lè jẹun mọ́ títí wọn yóò fi kú. Goldberger fi hàn pé oúnjẹ àgbàdo ni ó ń fà á, àti pé ẹ̀dọ̀ ẹran àti ìwúkàrà ń wò ó sàn. Ó kú ní ọdún 1929 láìmọ orúkọ ohun tí ó ń wá. Ní ọdún 1937, Conrad Elvehjem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin yọ nicotinic acid láti inú ẹ̀dọ̀, wọ́n fún ajá tí ahọ́n rẹ̀ ti dúdú, ajá náà sì dìde. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fún àwọn ènìyàn tí pellagra ń ṣe, àwọn náà sì gbádùn.

Kò yẹ kí a gbàgbé pé àwọn ajá ni ó san owó ìmọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kú kí ọmọ ènìyàn tó yè. Ìwọ̀nba oore tí a lè fi san án ni kí a bọ́ ajá wa dáradára. Kò dìgbà tí a bá ra oúnjẹ inú agolo. Bí ẹ̀kọ tàbí ìrẹsì bá wà, kí a fi ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, ẹyin bíbọ̀, ẹ̀wà tàbí ẹ̀dọ̀ díẹ̀ kún un. Ọ̀dùnkún tí a sè, tí a gé wẹ́wẹ́, tí a sì yan gbẹ, ìpápánu tí ó dára ni, ṣùgbọ́n kí ìpápánu má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Kí a má fún un ní àlùbọ́sà, ṣokoléètì, èso àjàrà tàbí egungun adìẹ tí a ti sè, nítorí májèlé ni àwọn mìíràn, egungun náà sì lè gún un nínú.

Ajá kò lè sọ fún olówó rẹ̀ pé ẹ̀kọ lásán kò tó òun. Ahọ́n rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó tún fi sọ ọ́ mọ́.