Ọdẹ Ló Mọ Ọ̀nà: Ìtàn Àwọn Atọ́nà Inú Igbó, àti Ohun Tó Kù fún Àwa Ọmọ Alímọ̀ṣọ́

Ìtàn la gbé wá lóṣù yìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ má kàn fi ọwọ́ tì í kọjá.

Ẹ ó ti rí irú fọ́tò kan lórí fóònù yín rí. Òyìnbó kan jókòó ti òkú ẹfọ̀n, ó gbé ìbọn sí itan, ó ń rẹ́rìn-ín. Tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ kan dáadáa, ẹ máa rí ọkùnrin adúláwọ̀ kan tó dúró jẹ́ẹ́, tí wọn ò kọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀. Ọkùnrin yẹn ló tọpa ẹran. Òun ló mọ ibi tí omi wà. Òun ló ní kí òyìnbó dúró, òun náà ló ní kó yìnbọn. Ọ̀rọ̀ irú ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí tẹ́ ẹ bá tú ìdí ìlú tiwa wò, ọdẹ atọ́nà lẹ máa bá níbẹ̀.

Ọdẹ tí wọ́n ń fowó ṣe

Ní 1909, Theodore Roosevelt ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nípò ààrẹ Amẹ́ríkà ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, òun àti Kermit ọmọ ẹ̀ gúnlẹ̀ sí Mombasa, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Kẹ́ńyà lónìí. Àwọn òyìnbó tó mọ igbó ló ń darí wọn, àwọn aláàárù tó lé ní igba sì ń ru ẹrù tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n fi dé Khartoum ní oṣù Kẹta 1910, bàbá àti ọmọ ti pa ẹran 512. Ilé ìṣúra Smithsonian ní Washington ni wọ́n kó púpọ̀ nínú ẹ̀ lọ. Ìrìn àjò yẹn sọ ọ̀rọ̀ Swahili náà, "sàfárì", di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ìrìn àjò lásán ló túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni àwọn olówó ti ń san owó gọbọi kí wọ́n lè pa ẹran ńlá nílẹ̀ Áfíríkà, títí Kẹ́ńyà fi fòfin de ìdẹ náà ní 1977.

Ẹ má rò pé ọ̀nà jíjìn nìkan nirú ẹ̀ wà o. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, níbi tó súnmọ́ wa, igbó ńlá kan wà tó ń jẹ́ Pendjari. Ní 1954 ni wọ́n sọ ọ́ di igbó ẹran tí ìjọba ń dáàbò bò, ó sì di ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè ní 1961. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ní Porga, Batia àti Konkombri, wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọdẹ. Nígbà kan, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn àlejò máa ń wá tàwọn ti ìwé àṣẹ wọn, wọ́n máa ń gba atọ́nà, wọ́n máa ń wá ẹfọ̀n lọ. Ètò wọn nígbà náà ni pé kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìdẹ náà lọ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ará abúlé tó yí igbó ká. Ètò tó dáa ni. Àmọ́ ẹ wo ẹni tí ewu ibẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2019, àwọn agbébọn jí àwọn ará Faransé méjì gbé ní Pendjari. Àwọn yẹn ò lọ dẹ ìgbẹ́ o, ẹran ni wọ́n lọ wò. Wọ́n rí àwọn àlejò méjèèjì gbà padà láàyè. Atọ́nà wọn, ọmọ ilẹ̀ Benin, òkú ẹ̀ ni wọ́n bá nínú igbó.

Nílé wa, atọ́nà ló nilẹ̀

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Ọdẹ wa kì í sin àlejò wọgbó torí kó ya fọ́tò. Ọdẹ ló máa ń rí ibi tí omi wà, tí ilẹ̀ dáa, á padà wálé wá sọ, ìlú á sì tẹ̀lé e. Àní nínú ìtàn àwọn òrìṣà pàápàá, ìgbà tí wọ́n ń bọ̀ láyé tí igbó dí ọ̀nà mọ́ wọn, àdá Ògún ló la ọ̀nà, àwọn tó kù sì tẹ̀lé e.

Àwọn ará Kétu ń sọ ọ́ dòní pé ọdẹ kan, Alalumon, ló mú Ọba Ẹdẹ dé ibi tí wọ́n tẹ ìlú sí. Òṣogbo náà ò lè sọ ìtàn ara ẹ̀ kó má dárúkọ Tìmẹ́hìn, ọdẹ tó dé etí odò Ọ̀ṣun. Àwa Àwórì ńkọ́? Àwọn bàbá wa sọ fún wa pé Olófin Ògúnfúnminíre kúrò ní Ifẹ̀, ó gbé àwo sórí omi, ó ń tẹ̀lé e títí àwo fi rì ní Ìṣẹ̀rì. Púpọ̀ nínú yín mọ ìtàn àwo yẹn. Ohun tẹ́ ẹ lè má tíì rò ni pé ọdẹ ni Ògúnfúnminíre, orúkọ ẹ̀ sì ti sọ ọ́: Ògún fún mi ní ire. Àwo wà lójú omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìn létí odò, nínú igbó tí kò sẹ́ni tó lànà níbẹ̀, ẹni tó mọ ẹsẹ̀ ẹkùn yàtọ̀ sí ti ajá ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ? Ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ kì í kọ́kọ́ gbé ìbọn. Àpò ọ̀gá ni á máa gbé. Á máa wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ti ìgalà, ti àná yàtọ̀ sí ti àárọ̀ yìí. Á kọ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹran má baà gbóòórùn ẹ̀. Á mọ orúkọ igi, torí igi ni àmì ọ̀nà, á sì mọ èyí tí wọ́n ń fi ewé ẹ̀ tọ́jú ẹni tí ejò bá ṣán. Ní alẹ́, á gbọ́ ìjálá. Ìjálá yìí kì í ṣe orin fàájì lásán. Oríkì ẹran wà níbẹ̀, ìwà ẹran, ibi tó ń sùn, ohun tó ń jẹ. Ìwé ìmọ̀ ni, ẹnu ni wọ́n fi ń kà á. Òfin náà sì wà: ẹni tó bá pa ẹkùn ò lè dá a mú, ọ̀dọ̀ ọba ni awọ ẹ̀ ń lọ.

Bí igbó ṣe tán

Ní 1916 ni ìjọba amúnisìn ti ṣe òfin lórí ẹran ìgbẹ́ ní Nàìjíríà. Igbó tó yí Ọ̀yọ́-Ilé ká di igbó ọba ní 1936, ó di igbó ẹran ní 1952, ó sì di ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè ní 1991. Òfin 1985 wá ka pípa erin àti ẹkùn léèwọ̀ pátápátá. Mi ò sọ pé àwọn òfin yìí ò dáa, torí ẹran ti ń tán lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ìtàn yìí kó má tìtorí ẹ̀ gbé ìbọn lọ sígbó.

Ní tiwa ní Alímọ̀ṣọ́, òfin kọ́ ló lé ọdẹ, ilé ni. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2006, ìjọba àpapọ̀ ka 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tó tó o. Igbó tí bàbá fi ń wá òyà ti di ẹsitéètì. Lónìí, tẹ́ ẹ bá gbọ́ "ọdẹ" ní Ẹ̀gbẹ́dá, bàbá tó ń ṣọ́ géètì lóru, tó ń fọn fèrè, ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa rò pé wọ́n ń sọ. Nígbà tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù sì dá ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2020, orúkọ ẹranko inú igbó ọdẹ, Àmọ̀tẹ́kùn, ni wọ́n fún un. Àwọn ìpínlẹ̀ kan sì gba ọdẹ síṣẹ́ náà, torí wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ inú igbó tó wọn. Ní Igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí erin ṣì kù díẹ̀, ọdẹ àtijọ́ wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ẹran. Ìmọ̀ kan náà ni. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ló yí padà.

Kí ló kàn wá?

Ẹ̀yin ará, ìmọ̀ yìí ń kú lọ. Àwọn bàbá tó mọ orúkọ odò kéékèèké tí wọ́n ti bò mọ́lẹ̀ láàárín Ìkòtún àti Ìjẹ̀gùn, tí wọ́n mọ ìdí igi tó jẹ́ ààlà ìdílé kan sí èkejì, wọn ò pọ̀ mọ́. Ẹ rántí iye ìgbà tí ìdílé méjì ti bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ kan náà. Ìwé sọ́fíà kò pẹ́ tó dé, ẹsẹ̀ ọdẹ ti mọ ààlà yẹn ṣáájú. Ọjọ́ tí bàbá yẹn bá lọ, ẹ̀rí lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ti Yunifásítì Èkó fi ọ̀pọ̀ ọdún gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ kó tó gbé ìwé ńlá jáde lórí ẹ̀ ní 1966. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tó wà lápò yín báyìí dáa ju èyí tí òun lò lọ.

Torí náà, ẹ̀bẹ̀ wa rèé. Tẹ́ ẹ bá ní bàbá tàbí bàbá àgbà tó ti ṣe ọdẹ rí, ẹ lọ kí i lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ mú obì dání. Ẹ má bi í ní awo ẹgbẹ́, ìyẹn kì í ṣe tiwa. Ẹ bi í ní orúkọ odò, orúkọ igbó, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sóko ọdẹ, ẹran tí wọ́n ń rí níbẹ̀, àti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Tó bá fẹ́ sun ìjálá, ẹ jẹ́ kó sun ún tán. Ẹ gbà á sórí fóònù, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ àti ti àdúgbò ẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. A ó kó gbogbo ẹ̀ jọ síbi kan fún àwọn ọmọ wa.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ àwọn tiwa sọnù bíi ti ọkùnrin inú fọ́tò yẹn. Ẹ bá wa pín in káàkiri. Alímọ̀ṣọ́ á gbè wá o. Àṣẹ.